Ẹni Tó Dúró fún Láísì Níwájú Adájọ́

Djègan-Kpèvi, Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, ní ìyálẹ̀ta.

Ẹ̀gbọ́n mi Láísì,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú ọ̀nà, ẹ kú àárò ilé. A gbọ́ pé ẹ ti rí iṣẹ́ awakọ̀ ní Èkó, pé ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fà lé yín lọ́wọ́ ga débi pé àkàbà ni ẹ fi ń gun ibi ìjókòó rẹ̀. Inú wa dùn. Màmá jó. Ẹ mọ̀ pé Màmá kì í jó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọ́n jó débi pé ewúrẹ́ ilé kejì já okùn sá lọ. Àfi ìgbà tí Ìyá Ẹlẹ́ja, obìnrin Sèmè tó gbé ìròyìn náà wá, fi ìyókù ọ̀rọ̀ lé e. Ó ní ẹ ní ẹ kò ní padà wá sí Àjàṣẹ́ mọ́ fún ọ̀rọ̀ kóòtù, pé wọ́n ti gba béèlì yín, ó ti parí, ta ni yóò tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ọlọ́pàá. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ ẹní. Òógùn ijó ṣì wà lọ́rùn wọn.

Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Màmá ni ẹnu rẹ̀, èmi Rìsíkátù ni ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni n óò ṣe kọ ọ́. Ìyókù, tèmi ni, ẹ kò sì lè gbá mi létí láti Èkó. Wọ́n ní kí n má fi àsọdùn kan kún un. Mo ti búra. Ìbúra náà ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Màmá bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"Àkànní ọmọ mi, ọkọ mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ tuntun yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Kí taya rẹ má gbé ọ pàdé ibi. N kò kọ̀wé láti bá ọ jà. Gbogbo èyí tí mo fẹ́ bá ọ jà, mo ti bá ìrọ̀rí mi jà á tán. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóde nígbà tí ìwọ wà nínú. Ìwọ rí i pé ilẹ̀kùn ṣí, o jáde. O kò rí ẹni tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà kí ó tó ṣí."

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ẹ̀yin mọ̀ ni pé àwọn sàndámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, dá ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀ dúró ní Sèmè lẹ́bàá ààlà, wọ́n tú àpò èlùbọ́ tí ọkùnrin ará Adjarra kan ní kí ẹ bá òun gbé, wọ́n sì bá igbó nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń wé fà bíi sìgá. Ẹ ní ẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Màmá kò tíì bi yín léèrè títí di òní. Èmi náà kò bi yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ń yún mi bíi pé mo jẹ èsìsì.

Ìmọ̀ràn kìíní. Màmá ní kí n kọ ọ́ kí ó tóbi: ìlú tí ènìyàn bá dé, kí ó bi wọ́n bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀.

Nígbà tí Màmá wà ní ọmọge ní Abẹ́òkúta, ọlọ́pàá mú àbúrò bàbá wọn nítorí ìjà. Bàbá wọn gbé agbádá wọ̀, ó mú onílé kan dání, ó lọ bá ṣáájì lẹ́yìn káńtà. Wọ́n tẹ̀ka, wọ́n gba béèlì. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tí wọ́n mú ti ń jẹ ẹ̀bà nílé, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láyé. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe mọ béèlì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe sọ ọ́ fún wa láti kékeré, pé bí ọlọ́pàá bá mú ẹni, ká wá àgbà, ká wá onílé, ká wá nǹkan dì sí ìdí aṣọ, ó parí.

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Àkànní. Mo gbé e láti Nàìjíríà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí ilẹ̀ Faransé yìí bí ẹni gbé irúgbìn wá, n kò bi ilẹ̀ ibí léèrè bóyá ó ń hù níbẹ̀."

Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti mú yín wá sí kọ́mísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá ìlú, Màmá kó àgbà jọ. Onílé wa wà níbẹ̀, ladánì mọ́sáláṣí wà níbẹ̀, Bàbá Kafíńtà náà wà níbẹ̀, bàbá tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ilé wa, tí wọn kò bá wa tan ní ìyá tàbí ní bàbá. Gbogbo wọn wọ agbádá. Èmi ni mo ṣáájú, nítorí èmi ni mo gbọ́ Faransé, tí mo sì gbọ́ Ègùn. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn tábìlì jẹ́ Ègùn, ó ga bí igi àgbọn méjì tí wọ́n so pọ̀. Ó wò wá, ó wo agbádá, ó ní ta ló bímọ. Ó rò pé a wá pe òun síbi ìkómọ ni.

Màmá ní béèlì ni àwọn bá wá. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ọ rí. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ tí n óò fi túmọ̀ rẹ̀, Màmá ti tú ìdí aṣọ, wọ́n ti gbé aṣọ ìnujú tí wọ́n di owó sí sórí tábìlì ìjọba, wọ́n sì tì í síwájú díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ti àwo ọbẹ̀ sí àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi o! Mo ń gbọ́ bí eṣinṣin ṣe ń mí. Ọlọ́pàá náà bi mí ní Ègùn pé kí nìyẹn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé bí mo bá dáhùn bó ṣe rí gan-an, yàrá tí ẹ wà ni Màmá yóò bá yín sùn. Mo ní owó búrẹ́dì yín ni, pé bí ẹ kò bá rí búrẹ́dì jẹ láàárọ̀, gìrì máa ń gbé yín. Ó ní kí ló wá dé orí tábìlì òun. Mo ní ìyá wa kò ríran dáadáa mọ́. Màmá, tí wọ́n ń rí èèrà ní òdìkejì ọ̀sà! Mo fọwọ́ kan Màmá lẹ́yìn, wọ́n sì mú aṣọ ìnujú náà padà, wọ́n ń fọwọ́ wá a kiri orí tábìlì bí afọ́jú. N kò tíì rí ibi tí Màmá ti mọ eré ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà kò jẹ́ òmùgọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí imú, ó wá fi sùúrù là á yé wa, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọwọ́ ọlọ́pàá ni ìdásílẹ̀ wà ní ilẹ̀ yìí, ìbáà jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá. Ìgbà kúkúrú ni òfin fún àwọn láti fi di ẹni mú, kí àwọn sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, dandan ni kí àwọn mú un lọ síwájú pírókúrọ̀, ẹni tó ń rojọ́ fún ìjọba. Pírókúrọ̀ yóò fà á lé adájọ́ tó ń wádìí ọ̀ràn lọ́wọ́. Adájọ́ yìí nìkan ló lè sọ pé kí ẹni náà dúró sí ẹ̀wọ̀n de ọjọ́ ìdájọ́, tàbí kí ó lọ sílé lọ dúró. Ó ní lílọ sílé lọ dúró yẹn ni wọ́n ń pè ní líbẹ́tẹ́ pírófísúà. Ẹ mọ bí Faransé ṣe máa ń dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó, èdè ilé wa, fún Màmá, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí: òmìnira ìgbà díẹ̀. Òmìnira tó ní okùn lẹ́sẹ̀, tí orí okùn sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ká agbádá wọn padà sílé. Lójú ọ̀nà, Bàbá Kafíńtà nìkan ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ya àwọn lẹ́nu pé ọlọ́pàá lè ní ohun tí agbára rẹ̀ kò ká.

Ìmọ̀ràn kejì. Màmá ní: ibi tí ilé rẹ wà, kí ó jẹ́ ibi tí ènìyàn lè tọ́ka sí.

Ẹ rántí bébà tí gádì gbé wá bá yín nínú ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ fi yín sí, tí ó ní kí ẹ fọwọ́ sí? Ẹ ní ẹ rò pé bébà oúnjẹ ni. Ìwé ẹ̀bẹ̀ yín sí adájọ́ nìyẹn. Lọ́yà kan ló bá wa kọ ọ́, nítorí ẹni tí wọ́n mú, tàbí lọ́yà rẹ̀, ló gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ìyá kò lè bẹ̀bẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, bó ti wù kí ó sunkún tó. Adájọ́ yóò sì kọ́kọ́ bi pírókúrọ̀ léèrè kí òun tó dáhùn.

Adájọ́ kò gba ìwé àkọ́kọ́ wọlé. Lọ́yà ní kì í ṣe pé adájọ́ ti dá yín lẹ́bi. Ohun tí adájọ́ ń wò nìyí: ṣé ẹni yìí kò ní sá, ṣé kò ní lọ halẹ̀ mọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí, ṣé bí a bá fẹ́ rí i, a mọ ibi tí a ó kànkùn sí. Nínú ìwé yín, Abẹ́òkúta ni wọ́n kọ sí ibi tí wọ́n ti bí yín. Ibi tí ẹ ń gbé, "ẹ̀yìn mọ́sáláṣí" ni ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn mọ́sáláṣí wo? Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí gùn dé Mẹ́kà. Pírókúrọ̀ ní ọmọ tí ààlà wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni, pé bí a bá ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀, ọ̀sán ni yóò jẹ ní Nàìjíríà.

Nígbà tí lọ́yà sọ èyí fún wa, Màmá ní òótọ́ ni. Èmi fúnra mi mọ ọ̀nà mọ́kàndínláàádọ́ta tí ènìyàn lè gbà láti Adjarra bọ́ sí òdìkejì, méjì nínú wọn kò ju kí ènìyàn fo kòtò. Lọ́yà ní ohun tó kù ni kí á wá ẹni tó ní ilé ní ìlú yìí, tí wọ́n mọ̀ mọ́ ohun rere, kí ó wá dúró níwájú adájọ́ fún yín, kí ó sì fi ilé rẹ̀ ṣe ibi tí gbogbo ìwé kóòtù yóò máa wá bá yín.

Màmá lọ bá onílé wa. Onílé ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n lọ bá mọ̀lẹ́bí wa tó wà ní ìhà ọjà. Ìyẹn ní ọ̀rọ̀ igbó ni, pé ìbáà jẹ́ ìjà, ìbáà jẹ́ gbèsè, òun ìbá ti sáré wá. N kò bá wọn wí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti sọ ilé wa lórúkọ mìíràn ní àdúgbò. Nígbà tí Màmá padà dé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Kafíńtà wò wọ́n láti òdìkejì ọ̀nà, wọ́n gbé ayùn sílẹ̀, wọ́n gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára, wọ́n rékọjá wá. Wọ́n ní, "Ìyá Láísì, ọjọ́ wo ni adájọ́ náà máa ń wà níbi iṣẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ lásán ni o. Bí ẹni ń bèèrè ọjọ́ ọjà.

Ìmọ̀ràn kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó kà. Màmá ní: kí ènìyàn mọ ẹni tó dúró fún òun. Bí ẹ bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ná.

Lọ́jọ́ tí a lọ bá adájọ́, ìta ni Màmá dúró sí. Èmi ni mo di Bàbá Kafíńtà lọ́wọ́ mú wọ kóòtù. Gádì rò pé ọmọ wọn ni mí, n kò sì rí ìdí tí n óò fi já a nírọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ti wọ kóòtù náà rí, ṣùgbọ́n ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹni tí ó wọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kì í wo àjà. Mo bá yín wò ó. Àjà náà ga débi pé òkùnkùn tó wà lókè yẹn, ti ọdún tó kọjá ni, kò tíì rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá fẹsẹ̀ lé ilẹ̀, ìró ẹsẹ̀ mi á lọ, á padà wá bá mi bíi pé ọmọbìnrin mìíràn ń tẹ̀ lé mi. Mo ti ní lọ́kàn pé òyìnbó arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan ìdodo ni a ó bá. Èèyàn dúdú la bá, tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ awò ojú, kò lè ju yín lọ púpọ̀. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní ọjà, ǹ bá gún un ní ìgbúnwọ́ kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọwọ́ sí bébà, ẹnìkan á sùn sórí ẹní ìyá rẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹni náà á sùn sórí sìmẹ́ńtì. Mo ń wo bírò ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹnu ìbọn, èmi tí n kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láti ibí títí dé etí òkun.

Ògbufọ̀ wà láàárín adájọ́ àti Bàbá, ó ń sọ Nàgó bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun. Adájọ́ bèèrè bóyá ọmọ Bàbá ni yín. Bàbá ní rárá, ọmọ aládùúgbò ni. Ó bèèrè bóyá Bàbá mọ ohun tí àwọn sàndámù bá lọ́wọ́ yín. Bàbá ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣé Bàbá gbà pé ọmọ náà kò mọ̀ pé igbó wà nínú àpò ni? Mo yíjú sí Bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ǹ bá fi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá búra fún un, kí n sì fi orí àwọn tí kò bí mi búra kún un.

Bàbá ní, "N kò sí níbẹ̀, n kò lè sọ. N kò dúró fún ohun tó ṣe tàbí ohun tí kò ṣe. Mo dúró fún pé bí ẹ bá pè é, yóò wá."

Adájọ́ kọ nǹkan. Kò gbójú sókè tó fi ní, "Bàbá, ààlà kò jìn síbí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ń ra pákó níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ̀yin."

"Ẹ̀rí wo lẹ ní pé kò ní gba ibẹ̀ lọ?"

Bàbá ní, "Bí mo bá ní ẹ̀rí, ẹ̀rí náà ni ǹ bá mú wá. Ara mi ni mo mú wá."

Ògbufọ̀ náà kò yí i sí Faransé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo rò pé ó ń wá ọ̀rọ̀ ni, àfi ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀, tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ Bàbá ló wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ó yí i tán, adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo Bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìyẹ̀fun pákó tó ṣẹ́ kù ní etí wọn, ó sì ní kí gádì gbé àga wá fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò fi ohunkóhun kún ibí yìí. Mo ti gbìyànjú láti fi kún un nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, kò gbà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé béèlì ni kí àgbà kan lọ purọ́ fún ìjọba pé ọmọ dára. N kò mọ̀ pé kò ní irọ́ kankan nínú. Ọkùnrin kan dúró, kò sọ pé ẹ kò jẹ̀bi, kò sọ pé ẹ jẹ̀bi, ó kàn fi ara rẹ̀ sí ààlà ilẹ̀ méjì bí igi ìdábùú, ó ní kò ní gba ibí kọjá. Ìjọba tó ní ìbọn, tó ní ẹ̀wọ̀n, tó ní ilé tí òkùnkùn kì í sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbà á gbọ́.

Wọ́n fún yín ní ìdásílẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n so nǹkan mọ́ ọn. Wọ́n kà á fún yín lọ́jọ́ tí ẹ jáde. Mo wà níbẹ̀, ẹ ń mi orí bí alángbá, ẹ kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ojú yín wà lára ilẹ̀kùn. Nítorí náà ẹ gbọ́ ọ nísinsìnyí. Ilé Bàbá Kafíńtà ni wọ́n kọ pé ẹ ń gbé, ibẹ̀ ni ìwé kóòtù yóò máa wá. Ìgbàkígbà tí adájọ́ bá pè yín, ẹ gbọ́dọ̀ wá. Bí ẹ bá fẹ́ lọ gbé ibòmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un kí ẹ tó lọ. Èyí, ẹ kò ṣe é. Wọ́n sì ní kí á fi ìdógò sí ọwọ́ akọ̀wé kóòtù. Ìdógò náà kì í ṣe owó ìtanràn, kì í sì í ṣe ti adájọ́. Ó kàn jókòó síbẹ̀ de ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń wá nígbà tí wọ́n bá pè yín títí ẹjọ́ yóò fi parí, wọ́n á dá a padà, ìbáà jẹ́ pé wọ́n dá yín láre, ìbáà jẹ́ pé wọ́n dá yín lẹ́bi. Bí ẹ bá sá, ìjọba á gbé e, wọ́n á sì kọ ìwé pé kí wọ́n mú yín níbikíbi tí wọ́n bá ti rí yín.

Ẹ kò bèèrè rí ta ló san án. Màmá fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, Bàbá Kafíńtà ní kò tíì kan ìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyàwó wọn, Ìyá Kafíńtà, ṣì wà láyé ni Bàbá ti ń dá owó Mẹ́kà jọ. Èyí ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ń dágbére ní mọ́sáláṣí, tí Màmá kò rí Bàbá láàárín wọn, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn. Wọ́n sáré lọ kúnlẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó. Bàbá kò tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní, "Ìyá Láísì, dìde. Mẹ́kà kì í sá. Ọmọ ló lè sá."

Màmá ní kí n kọ èyí tó kù yìí bó ṣe ń jáde:

"Àkànní, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. N kò tíì bi ọ́ bóyá o mọ ohun tó wà nínú àpò yẹn. Ìwọ àti Ọlọ́run rẹ ló mọ̀ ọ́n, adájọ́ ni yóò bi ọ́, kì í ṣe èmi. N kò lè ṣèlérí fún ọ pé bí o bá wá, ire ni yóò jẹ́. Ó lè jẹ́ pé inú ilé yẹn náà ni o ó tún padà sí. Bí mo bá sọ fún ọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, mo tàn ọ́ jẹ, mo sì ti tàn ọ́ jẹ tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, nígbà tí mo kọ́ ọ pé béèlì ni òpin ọ̀rọ̀. Béèlì kọ́ ni òpin. Ó kàn jẹ́ kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí wọn ìbá fi okùn fà á dé ni. Lọ́yà ní ẹni tó wá nígbà tí wọ́n pè é, adájọ́ á rántí. Èyí nìkan ni mo lè sọ.

"Ronú kan àwọn ọmọ Nàgó tó kù ní Djègan-Kpèvi. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá tún mú ọ̀kan nínú wọn, àgbà kan yóò tún dúró níwájú ọkùnrin awò ojú yẹn, yóò sọ pé bí ẹ bá pè é yóò wá. Ìwọ ni adájọ́ yóò rántí kí ó tó dáhùn.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ ní Èkó kí o tó kúrò. Má purọ́ fún un pé ìyá rẹ kú. Mo wà láàyè. Bí iṣẹ́ náà bá dúró dè ọ́, a dúpẹ́. Bí kò bá dúró, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Láti òní lọ, ẹrù tí o kò bá ti fi ọwọ́ ara rẹ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, má gbé e fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ èmi ni mo dì í."

Mo ti dé ibi tí mo ti lè sọ tèmi. Ẹ mọ̀ mí. Mo lè gbé erin lé orí kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n sì kí mi kú iṣẹ́. Gbogbo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó wà láàárín ibí àti Nàìjíríà, èmi ni mo lè fi wọ́n hàn yín. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má gba ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ gba ojú títì wá, ní ọ̀sán gangan, kí gbogbo ènìyàn rí yín. Mo fẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kí n rí ojú ògbufọ̀ náà nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. N kò mọ ohun tí n óò ṣe bí n kò bá rí i. Kò tíì sí ohun tí mo fẹ́ rí láyé mi tó bẹ́ẹ̀, mo sì ti fẹ́ rí ọkọ̀ òfuurufú láti inú.

Ìwé ti dé. Wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kafíńtà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni kí ó máa wá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá mú un wá bá wa kí n kà á fún wọn. Ọjọ́ tí adájọ́ pè yín kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e ni, ní àárọ̀. Bàbá mọ̀ pé ẹ ti lọ sí Èkó, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní àdúgbò. Bàbá ká ìwé náà sí àpò, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní:

"Rìsíkátù, bí o bá ń kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ, bá mi bi í: ṣé kí n wá pè é nílé ká jọ rìn lọ ni, tàbí ká pàdé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù?"

Wọ́n padà lọ sídìí iṣẹ́ wọn.

Ìyá Ẹlẹ́ja ló mú lẹ́tà yìí dání, òun náà ni yóò gba èsì lọ́wọ́ yín. Màmá ní ẹ má ṣe ìyọnu láti dáhùn gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Ìbéèrè Bàbá Kafíńtà nìkan ni kí ẹ dáhùn.

Èmi àbúrò yín,
Rìsíkátù,
tí Màmá jókòó tì títí ó fi kọ ọ́ tán.